Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ọ̀gá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó dúró níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí gbayawu, tó ń retí kí ẹlòmíì wá bá òun ṣí i, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Ọ̀gá ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí gbogbo ará ìlú, nínú ilé alájà méjì kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Àpọ́nlé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Níwájú rẹ̀, ẹ gbọ́ o: "Alága Àkọsílẹ̀, Baba Ọjọ́ Ìbí, Ẹni Tó Mọ Ọjọ́ Tí A Bí Olúkúlùkù." Bí ẹ bá fo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yàrá ìwé àtijọ́ ni wọn yóò gbé yín lọ, níbi tí eku ti ń jẹ bọ́tìnnì mọ́ ènìyàn lára.

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sórí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, á fi ọwọ́ ọ̀tún gba báàgì, á fi ọwọ́ òsì gba gíláàsì ojú. Bí Ọ̀gá bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà!" Bí Ọ̀gá bá ní ooru ń mú òun, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, òjò ì báà máa rọ̀ níta. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Kí ènìyàn làágùn nínú òtútù, iṣẹ́ gidi ni.

Àmọ́ Ọ̀gá Àpọ́nlé ní ẹ̀dùn ọkàn kan. Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo. Òfin ilé-iṣẹ́ náà ni pé bí ènìyàn bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ilé yá, kò sí "ẹ jẹ́ kí n parí ohun tó wà lórí tábìlì mi." Ọ̀gá sì ti ń sọ káàkiri pé ọdún méjìdínláàádọ́ta ni òun fẹ́ pé lọ́dún yìí. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, yóò pé ọgọ́ta géérégé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, orílé-iṣẹ́ yóò fa orúkọ àwọn tó ń lọ sílé yọ láti inú àkọsílẹ̀ yìí kan náà. Àga tó ń yí, àtẹ̀gùn tó kún fún ènìyàn, gbogbo rẹ̀ pátá ni yóò lọ.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló gbójúgbóyà bá a sọ ọ́ ní pálọ̀ wọn.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Àkọ́bí wa ti pé ọdún márùndínlógójì. Bí ẹ bá jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, ó já sí pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni yín nígbà tí mo bí i. Irú ìtìjú wo lẹ fẹ́ kó bá mi láàárín ẹbí mi?"

"Mo tètè gbọ́n ni," ni Ọ̀gá wí, ó sì gbé ìwé ìròyìn bojú.

Ohun tó dúró sí i lọ́nà kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni, ó wà lórí tábìlì ní yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó ń darí rẹ̀, tó ń sọ fún un ìgbà tí yóò jí àti ẹni tí yóò dá lóhùn. Èyí tó wà nínú tiwọn kéré débi pé Tíńtín ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n sì tẹ́ gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síta, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, kó sì pariwo bó bá rí ibi tó jò. Tíńtín kò ní àwòrán, kò ní orin, kì í kí ènìyàn káàárọ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, títì ló ń tì í pa. Ẹni tó bá sì wọlé, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ ni yóò dé, ìyókù kò kàn án.

Obìnrin tó gbé Tíńtín kalẹ̀, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí í mu omi díẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè. Òun àti àwọn akọ̀wé ló fẹnu kò pé kí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni tó lè yí padà, akọ̀wé méjì ni yóò jọ fọwọ́ sí i, kálukú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ yóò sì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá lè ka ohun gbogbo. Kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ Ọ̀gá.

Ìgbà mọ́kànlá ni Ọ̀gá Àpọ́nlé ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tó jókòó ti Tíńtín, tó fẹ́ yọ ọdún méjìlá kúrò lára ara rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá náà ni Tíńtín dá a lóhùn pé: *A kò fún yín láàyè. A ti kọ ọ́ sílẹ̀.*

"Kí lo kọ sílẹ̀? Ta lo fẹ́ lọ sọ fún?" Ọ̀gá ń bá páálí bàtà jà. Ó tẹ oyè rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. *A kò fún yín láàyè. A ti kọ ọ́ sílẹ̀.* Ó fi ìka gbá a lórí. Tíńtín ò wí nǹkan kan, torí pé gbígbá lórí kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Àǹtí Kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó mọ ẹni tí mo jẹ́?"

Àǹtí mu omi díẹ̀. "Ó mọ̀ yín, sà. Orúkọ yín ló wà lókè."

"Tó bá mọ̀ mí, èéṣe tó fi ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí?"

"Bó ṣe ń ṣe sí èmi náà nìyẹn, sà."

Ẹ gbà mí o! Kí wọ́n fi ọ̀gá wé obìnrin tó ń tún wáyà ṣe! Ọ̀gá Àpọ́nlé kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì sáré fi tìmùtìmù sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Mo ti ṣèwádìí, ẹ̀rù sì bà mí. Àkọ́kọ́, ètò yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́! Ṣé ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ló yẹ kó máa bá irú èmi yìí gbé? Ìkejì, ó kéré. Ilé-iṣẹ́ ńlá, ètò kékeré: àbùkù! Ìkẹta, ẹ di àga yín mú, wọ́n ní gbogbo ayé ló lè ka inú rẹ̀! Ìwé ìjọba, wọ́n ṣí i sílẹ̀ bí ojú fèrèsé!"

"Háà!" ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà kígbe, ó sì fi ọwọ́ bo àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà wí. "Bí wọ́n ṣe ń rọ àgádágodo ni gbogbo ayé lè kà. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa. Àgádágodo tí gbogbo alágbẹ̀dẹ ti yẹ̀ wò, tí wọn ò rí i ṣí, ṣé kò sàn ju èyí tí ẹnì kan ṣoṣo búra fún lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wọn létí. Mo rí ẹni méjì tó fẹ́ mi orí, tí wọ́n rántí eku inú yàrá ìwé àtijọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ di pé ọrùn ń dùn wọ́n.

Bí agbaṣẹ́ṣe kan tó wọ kóòtù ṣe gbé ètò tuntun dé nìyẹn. Ọba Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pe ètò náà àti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Agbaṣẹ́ṣe náà bi Ọ̀gá léèrè ohun tó fẹ́.

"Àwòrán mi níwájú," ni Ọ̀gá wí. "Kó máa ka oyè mi kó tó ṣe ohunkóhun. Èmi nìkan ni kó lágbára lórí ohun gbogbo. Pàtàkì jù lọ, mi ò fẹ́ kó bi mí ní ìbéèrè kankan. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀gá lẹ́nu wò? Ohun tí mo bá ti sọ, kó ní 'bẹ́ẹ̀ni,' kó ṣe é."

"Kò sí ìṣòro, sà," ni agbaṣẹ́ṣe wí. Ẹni tó bá ń yára sọ pé kò sí ìṣòro, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀nà ìta ló kọjú sí.

Ọ̀gá ní kí wọ́n wá pa Tíńtín. Àmọ́ ẹ má gbàgbé irú ilé-iṣẹ́ tí a wà. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan níbẹ̀, ìbáà ṣe ti ọṣẹ ìfọwọ́, tí kò ní àyè fún ọjọ́ ìbí ẹni tó fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù pípa ẹ̀rọ ní tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá parọ́ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Àǹtí Kọ̀ǹpútà gbé e síwájú Ọ̀gá. Ọ̀gá yọ bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dé ìlà kẹta, ìlà ọjọ́ ìbí. Bírò dúró lójú kan. Òógùn bọ́ lójú Ọ̀gá, Bẹ́ẹ̀ni-Sà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn láìmọ ìdí.

"Ẹ gbé fọ́ọ̀mù yìí sínú dúrọ́ọ̀ mi. Màá wò ó. Ìwọ, gbé ohun yẹn kúrò níwájú mi. Yàrá ìgbálẹ̀ ni ìwọ náà yóò ti máa ṣiṣẹ́ láti òní. Bó bá di ìparí oṣù tí a ò rí iṣẹ́ fún ọ níbẹ̀, wàá máa lọ sílé."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà gbé Tíńtín lọ sáàárín àwọn ìgbálẹ̀ àti korobá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i pé kó pa á, torí náà kò pa á. Ó so ó mọ́ iná, ó sì jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gá yóò pé ọgọ́ta, wọ́n ṣí Ọba Ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ló gbà kó tó jí, torí ó ń ka oyè. Ọ̀gá dúró síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ tí a ti dá ayé ni ẹ ti ń sùn. Òní ni mo jí yín. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò bèèrè pé, ta ló ṣe èyí? Ẹ ó dá wọn lóhùn pé èmi ni. Bí wọn ò bá bèèrè, ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó fi Bẹ́ẹ̀ni-Sà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó. Ó gbọ́ oyè rẹ̀ tán, inú rẹ̀ dùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀rọ yí ọjọ́ ìbí padà, ó fi ọjọ́ tí wọ́n bí i sí i, ó fi ọdún tuntun tó wù ú sí i, àmọ́ kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Tíńtín ì bá ti bi í pé, *ti ta ni?* Ọba Ẹ̀rọ, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ bi Ọ̀gá ní ìbéèrè, kò bi í. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ni, Ọ̀gá! Ó ti parí!" Orin sì sọ. Ọ̀gá jáde, ó ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Ẹ wá wo àárọ̀ Ọjọ́rú.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ dé ibi káńtà, ó gbé ọmọ sẹ́yìn. "Oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi. Ẹ wo ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi. Wọ́n ní yóò pé ọdún méjìdínláàádọ́ta lọ́la. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí mo ṣì ń gbé e pọ̀n?"

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tẹ̀ lé e: gbogbo ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ti di àgbàlagbà, ẹgbẹ́ òun tìkára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbà kan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání. Wọ́n ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì.

"Èmi ò bá yín jà o," ni ìyá àgbà wí. "Mo ti ń wá bí màá ṣe padà di ọ̀dọ́. Ẹ kàn bá mi wá eyín mi náà."

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, èrò ti kún dé títì. Àwọn àbúrò ò mọ ẹni tí wọn yóò kí mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n ń wojú wọn. Nígbà tí Ọ̀gá dé, kò rí ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn, gbogbo wọn ló wà nídìí káńtà. Baba tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló rí i.

"Ẹgbẹ́ mi, o jí ire? Gbé báàgì rẹ dání o, ọwọ́ mi dí."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ àti èmi, ọjọ́ kan náà. Má bínú, ọ̀rẹ́."

Ọ̀gá gun òkè lọ bá Ọba Ẹ̀rọ. Ó pàṣẹ pé kó dá ohun gbogbo padà. "Bẹ́ẹ̀ni, Ọ̀gá! Ó ti parí!" Kò dá nǹkan kan padà. Ó pe agbaṣẹ́ṣe lórí fóònù. Fóònù ti kú. Kí ni kó ṣe? Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó jáde sórí bákóní, ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará ìlú! Ẹ má fòyà! Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Àtúntò ni! Láyé àtijọ́, àgbà ń rẹ́ ọmọdé jẹ, ọmọdé ń bú àgbà. Mo wá wò ó, àánú yín ṣe mí, mo sọ gbogbo yín di ẹgbẹ́! Láti òní lọ, kò sí ẹni tó ju ẹnì kan lọ!"

Ìyá àgbà gbójú sókè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Sọ̀kalẹ̀ wá, kí o wá tò sórí ìlà."

Ẹ̀rín bú. Kí n má parọ́, Bẹ́ẹ̀ni-Sà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aláyẹ̀wò dé láti orílé-iṣẹ́, màmá kan tó fi irun funfun gbé ara rẹ̀ níyì. Ó wo Ọba Ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ó gbọ́ gbogbo oyè, ó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ ní àkọsílẹ̀ tó wà kó tó di èyí?"

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ló dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ó wà, mà. Ó wà ní yàrá ìgbálẹ̀. Kò sùn rí."

Ọ̀gá ní òun yóò kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ibẹ̀ mọ́. Ó ní kí Àǹtí tẹ̀ lé òun, wọ́n wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láàárín korobá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti di ọ̀gá níbẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè.

"Dá gbogbo rẹ̀ padà. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó o fi sílẹ̀ bó ṣe wà."

Àǹtí kò mu omi. "Mi ò lè ṣe é, sà."

"Ìwọ lo gbé e kalẹ̀!"

"Èmi ni. Mo sì ti ara mi náà mọ́ta. Mo lè kó o jáde bó ṣe wà, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Yíyọ ẹnì kan, bí mo bá dán an wò, ohun tó sọ fún yín ló máa sọ fún mi."

Ọ̀gá jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Tí mo bá jáde níbí, kí ni mo jẹ́? Sọ fún mi. Ta ló máa kí mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó ṣe Àǹtí náà. Àmọ́ ó ronú nípa ọmọ oṣù mẹ́ta yẹn àti gbogbo èrò tó wà níta, ó sì tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀.

Ṣáájú ọ̀sán, gbogbo ìlú ti padà sí ọjọ́ orí wọn. Màmá aláyẹ̀wò ń wo ohun tí Tíńtín tú jáde, ó rí orúkọ Ọ̀gá. Ó rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló rí ìlà mọ́kànlá, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú kálukú, gbogbo ìgbà tí wọn ò fún un láàyè. Ó bọ́ gíláàsì.

"Ọ̀gá, òní nìyí," ó wí. "Ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Ẹ máa ṣe púpọ̀ sí i láyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí."

Wọ́n gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ló gbé páálí ẹrù rẹ̀ dé géètì, ó sì yára padà wọlé lọ béèrè bóyá ooru ń mú màmá aláyẹ̀wò. Wọ́n dá Àǹtí Kọ̀ǹpútà padà sí yàrá rẹ̀.

Mo lè fi í síbẹ̀, kí gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Àmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣì kù. Àwọn tó ń ṣètò ìfẹ̀yìntì ní kí Ọ̀gá mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Ó dé ní aago mẹ́sàn-án, ó tò sórí ìlà, ẹni mẹ́rìnlá ló ṣíwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ka oyè kankan. Nígbà tó kàn án, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ló wà ní káńtà, ó jókòó dípò akọ̀wé tó ń ṣàìsàn. Wọ́n gbé ìwé àkọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó tẹ òmíràn, bí òfin ṣe wí. Ìwé náà ti pọ́n ní etí.

Ìgbà mọ́kànlá ló ti gbìyànjú láti pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kò sì kà á tán rí lójú ayé rẹ̀. Ọjọ́ nìkan ló ń wò. Nísàlẹ̀, akọ̀wé ayé ìgbà náà ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ pé: *Ìyá ọmọ yìí fi ẹsẹ̀ rìn wá, ó gbé e sẹ́yìn. Kò mọ̀wé. Ó ní kí a kọ ọ́ kedere, nítorí kò sí ẹni tó kọ tòun, wọ́n sì ti fi rẹ́ òun jẹ.*

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì ṣe bí ẹni pé gíláàsì ló dọ̀tí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun fi ìkòkò sórí iná.

"Sà," ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà wí jẹ́jẹ́, "ẹ má bínú, ẹni tó bá gba ìwé gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni ọdún mélòó ni yín?"

Ọkùnrin náà bojú wo ẹ̀yìn. Ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀. Ó kọjú sí káńtà.

"Ọgọ́ta ọdún," ó wí, ó sì sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà níparí lè gbọ́. "Ọgọ́ta ọdún àti ọjọ́ méjìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ kedere."